Káàdì aláfọwọ́ṣe: Íǹkì àti bébà ni kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀, kó tó náwó sórí òǹtẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ẹgbẹ̀rún kan káàdì ìpè fún ìgbéyàwó kò níṣòro. Tó bá ti dé Ṣómólú l'Ékòó tàbí Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn báyìí, àwọn atẹ̀wé ló máa fà á lọ́wọ́, tí kálukú á ní kó wá sọ́dọ̀ òun. Ẹni tó nílò káàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, tó fẹ́ kí ó jọ ohun tí wọ́n fi ọwọ́ àti ìfẹ́ ṣe, òun ni wàhálà bá. Atẹ̀wé tó ń lo ẹ̀rọ ńlá kò lè torí káàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe pléètì, nítorí iye tí pléètì máa ná an fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ló máa ná an fún ẹgbẹ̀rún. Lóòótọ́, ẹ̀rọ tó ń gbàṣẹ láti ara kọ̀ǹpútà ti wà báyìí tó lè tẹ ẹyọ kan ṣoṣo jáde, àmọ́ pẹlẹbẹ ni ohun tó bá tẹ̀ máa ń rí. Kò lè lẹ aṣọ mọ́ ọn, kò lè to ìlẹ̀kẹ̀ sí i lára, kò sì lè mú kí ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ wú sókè tí ọwọ́ á fi máa mọ̀ ọ́n. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni iṣẹ́ òǹtẹ̀ àti káàdì aláfọwọ́ṣe ti ráyè, iṣẹ́ tí èèyàn lè ṣe lórí tábìlì ìjẹun ilé rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Àlàyé rẹ̀ kò le. Wọ́n á fín àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ sára rọ́bà, wọ́n á fi íǹkì kùn ún, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà tó nípọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ohun mìíràn kún un: ègé ańkárá, okùn ìko, bọ́tìnnì, ọ̀dà, àwòrán tí wọ́n gé láti inú ìwé ìròyìn àtijọ́. Ohun tí wọ́n bá ṣe lè jẹ́ káàdì ọjọ́ìbí, àpò kékeré tí wọ́n fi ń kó ẹ̀bùn òde fún àlejò, pélébé tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀bùn, tàbí àpò-ìwé tí wọ́n ń fi owó sí fún ìyàwó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé iṣẹ́ òyìnbó pọ́ńbélé ni. L'Ábẹ́òkúta, páànù tí wọ́n gé àwòrán sí lára ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ mọ́ aṣọ àdìrẹ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ní Ntonso, nítòsí Kumasi lórílẹ̀-èdè Gánà, èèpo igbá ni wọ́n ń fín, tí wọ́n ń rì í bọ oje èèpo igi, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ adinkra. L'Óṣogbo, Jimoh Buraimoh ti ń to ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ àwòrán láti àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ náà sì gbé orúkọ rẹ̀ dé òkè òkun. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti gé ilá sí méjì rí, tó rì í sínú ọ̀dà tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ti ṣe iṣẹ́ òǹtẹ̀. Ohun tí òyìnbó fi kún un ni rọ́bà. Ọdún 1839 ni Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, rí i pé bí wọ́n bá po imí-ọjọ́ mọ́ oje igi rọ́bà, tí wọ́n sì fún un ní iná, kò ní máa yọ́ nínú ooru, kò sì ní máa gan nínú òtútù mọ́. Láti ìgbà náà ni rọ́bà ti lè di ohun tí wọ́n ń fín ọ̀rọ̀ sí lára tí kò sì ní bàjẹ́.

L'Ámẹ́ríkà, òwò ńlá ni iṣẹ́ yìí ti dà. Ọdún 1988 ni obìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò dá ilé-iṣẹ́ Stampin' Up! sílẹ̀, tó jẹ́ pé inú ilé àwọn èèyàn ni àwọn aṣojú rẹ̀ ti ń ta òǹtẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ oníbàárà bí wọ́n ṣe ń lò ó. Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà fún ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà jẹun nílé níbí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra nǹkan wọ̀nyí lọ́hùn-ún ń fi najú ni, wọn ò retí pé kí owó náà padà wálé. Ẹni tó gba owó àjọ láti fi bẹ̀rẹ̀ òwò kò sí nírú ipò bẹ́ẹ̀. Tó bá kó owó náà sórí òǹtẹ̀ 30, páàdì íǹkì 12, ẹ̀rọ ìgébébà àti oríṣìíríṣìí ẹ̀ṣọ́ tó ń dán gbinrin, ó lè tó ọdún kan kó tó yé e pé òǹtẹ̀ mẹ́ta péré lòun ń lò nínú gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó dọ́là ni wọ́n fi kó ọjà náà wọlé. Kì í ṣe àìmọ̀-ọ́n-ṣe ló ń lé ọ̀pọ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò nídìí iṣẹ́ yìí. Ọjà tí wọ́n rà kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n nílò ni.

Òǹtẹ̀ kan, íǹkì kan, bébà oríṣìí méjì: ó tó fún oṣù àkọ́kọ́.

ÍǸKÌ Ò JỌRA

Tí èèyàn bá ní òun mọ iṣẹ́ yìí, íǹkì ni kí wọ́n bi í. Òǹtẹ̀ tó dára jù lọ láyé yóò ba káàdì jẹ́ tí íǹkì àti bébà kò bá bára wọn mu.

Oríṣìí mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Dye ink dà bí aró: inú bébà ló ń wọ̀ lọ. Kíá ló máa ń gbẹ, kò sì wọ́n jù, àmọ́ oòrùn máa ń pa àwọ̀ rẹ̀, tí bébà bá sì rọ̀ jù, etí àwòrán náà á tàn bí epo tó kán sára aṣọ funfun. Pigment ink dà bí ọ̀dà tí wọ́n kùn sára ògiri: orí bébà ló ń jókòó sí. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń dúdú dáadáa tàbí kó pupa dáadáa, ó sì máa ń pẹ́ kó tó ṣá, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra láti gbẹ. Lórí bébà tó ń dán, ó lè má gbẹ rárá àfi tí wọ́n bá fi ooru ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni solvent ink, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Tsukineko ti ilẹ̀ Japan ń pè ní StazOn. Èyí ń mú ara ike, páànù, gíláàsì àti bébà tó ń dán, omi kì í sì í fọ̀ ọ́. Òórùn rẹ̀ máa ń gún imú, nítorí náà wọn kì í lò ó nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa. Omi lásán kò lè fọ̀ ọ́ kúrò lára òǹtẹ̀; ó ní oògùn tirẹ̀.

Páàdì tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì, èyí tí kò sí ilé ìtàwé tí wọn kì í ti í tà á, dára fún ìdánrawò. Kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n máa gbowó lé lórí.

Ìṣòro mìíràn ni ti kíkùn. Bí wọ́n bá fi dye ink tẹ òdòdó, tí wọ́n sì fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà olómi kùn ún, ọ̀pọ̀ ìgbà ni íǹkì náà máa dà pọ̀ mọ́ ọ̀dà, tí òdòdó á sì di ìdọ̀tí. Solvent ink kò ní tú níwájú omi, àmọ́ tó bá jẹ́ máákà tí wọ́n fi ọtí líle pò ni wọ́n fi kùn ún, òun náà á tú. Ẹni tó fẹ́ lo irú máákà bẹ́ẹ̀ ní láti wá dye ink tí wọ́n dìídì ṣe fún un, bíi Memento. Ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á máa rò pé ó fà á, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ohun tó wà nínú ìgò lásán ni.

Ìdí nìyí tí ìdánwò fi ṣe pàtàkì ju ìdálẹ́kọ̀ọ́ olówó ńlá lọ. Kí wọ́n gé bébà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ní sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n bu òǹtẹ̀ lu ibi mẹ́rin lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan kí wọ́n fi ìka ra àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìkejì. Lẹ́yìn wákàtí kan, ìkẹta. Kí wọ́n kán omi sí ìkẹrin lọ́jọ́ kejì. Kí wọ́n wá bu òǹtẹ̀ lu bébà mìíràn, kí wọ́n fi páálí bo ìdajì rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ síbi tí oòrùn ń wọlé sí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí wọ́n bá ṣí páálí náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá méjèèjì ni yóò sọ bóyá káàdì tí oníbàárà gbé sórí tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀ máa ṣì ní àwọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀yìn bébà náà ni kí wọ́n kọ orúkọ íǹkì, irú bébà àti ọjọ́ sí. Ẹni tó bá ní ogún irú ègé bébà bẹ́ẹ̀ nínú fáìlì ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní òǹtẹ̀ 50 kò mọ̀.

Ojú ọjọ́ ilẹ̀ yìí náà ní tirẹ̀ láti sọ. Iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ìgò l'Ókè-Òkun kò ro ti òjò oṣù keje l'Ékòó mọ́ ọn. Lásìkò òjò, bébà máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́, íǹkì á sì pẹ́ kó tó gbẹ. Nígbà ọyẹ́, páàdì tí wọn ò bá dé dáadáa yóò gbẹ gbaungbaun. Páàdì dye ink, ojú rẹ̀ ni kí wọ́n dà délẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, kí íǹkì lè máa sọ̀ wá sójú.

ÒǸTẸ̀ TÓ Ń SỌ YORÙBÁ

Òǹtẹ̀ tí wọ́n ń kó wọlé pín sí mẹ́ta. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi ni ti àtijọ́, ó lágbára, ó sì rọrùn láti dì mú, àmọ́ ó ń gba àyè. Ìkejì jẹ́ rọ́bà tó ní ohun tó ń lẹ̀ lẹ́yìn. Ìkẹta ni èyí tó mọ́ gaara bí omi, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ike tó dà bíi dígí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó. Èyí ló rọrùn jù fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó ń rí ibi tó ń tẹ̀ ẹ́ sí gan-an. Àléébù rẹ̀ ni pé oòrùn ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú tó sì máa ń bà á jẹ́, solvent ink náà kò sì dára fún un. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ọ̀rá jáde, íǹkì á máa yọ̀ lára rẹ̀. Írésà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò ni kí wọ́n rọra fi pa ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta.

Ṣùgbọ́n ọjà tó wà níwájú ilé kò gbọdọ̀ di ohun tí èèyàn ń lọ wá l'Ámẹ́ríkà. Àwọn tó ń ṣe òǹtẹ̀ ọ́fíìsì, tí wọ́n máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù àti sẹkitéríàtì ní gbogbo ìlú ńlá, lè fín àwòrán èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé wá fún wọn. Kí àwòrán náà dúdú kedere lórí bébà funfun, kí ìlà rẹ̀ má tín-ín-rín jù, nítorí ìlà tó bá tín-ín-rín jù kì í yọ dáadáa. Kí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá sì sọ ọ́ ketekete pé òun ò fẹ́ èyí tí íǹkì wà nínú rẹ̀ tó ń fò lọ fò bọ̀. Rọ́bà náà lásán lórí igi lòun fẹ́, kí òun lè máa yí íǹkì padà bó ṣe wu òun.

Àǹfààní tó wà níbí pọ̀ ju ti owó tó dín kù lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni òǹtẹ̀ tó ti òkè òkun wá ń sọ. Ta ló máa ṣe òǹtẹ̀ "Ẹ kú oríire" sí Amẹ́ríkà? Ta ló máa fín "Ẹ kú ìnáwó", "Ẹ kú ewu ọmọ", "Ẹ kú ìṣílé" tàbí "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè"? Ẹni tó bá ní "Ẹ kú oríire" kan ṣoṣo ti ní òǹtẹ̀ fún ìgbéyàwó, ìgbàwé-ẹ̀rí, oyè jíjẹ, ìgbéga níbi iṣẹ́ àti ilé tuntun. Òǹtẹ̀ márùn-ún nìyẹn lówó ẹyọ kan. Kí ó sì jẹ́ "Ẹ", kì í ṣe "O", nítorí kò sí bàbá tó máa fi káàdì "O kú oríire" tí ọmọ rẹ̀ gbé wá han àlejò.

Ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra ni àmì. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe òǹtẹ̀ kò ní àmì ohùn nínú kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n á kàn tẹ "E ku oriire" ni. Ẹni tí iṣẹ́ jẹ tirẹ̀ ni kó ti tẹ ọ̀rọ̀ náà tàbí kó fọwọ́ kọ ọ́ láti ilé, kó kó o lọ bí àwòrán, kó sì yẹ ẹ̀dà rẹ̀ wò lórí bébà kí wọ́n tó fín in. Rọ́bà tí wọ́n ti fín tán kò ṣeé tún ṣe.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò sì tíì tó ìyẹn lè fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Írésà ńlá àti bíléèdì tó mú tó fún ìràwọ̀, ewé tàbí ìlà àdìrẹ kékeré. Àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà ilẹ̀ ìwẹ̀ tó ti gbó, tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ mọ́, dára fún òǹtẹ̀ ńlá. Apá ibi tó bá dán ni kí wọ́n lò. Àwòrán lásán ló rọrùn láti gbẹ́. Ọ̀rọ̀ ní láti wà ní òdì lára òǹtẹ̀ kó tó lè jáde dáadáa lórí bébà, tí "b" á sì di "d" mọ́ ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n dojú òǹtẹ̀ sókè, kí wọ́n máa fi páàdì lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí gbogbo ojú rẹ̀ á fi ní íǹkì. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ délẹ̀ ní gígùn, kí wọ́n má yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, nítorí yíyí yẹn ló ń jẹ́ kí etí igi òǹtẹ̀ fi ìlà dúdú sílẹ̀. Ìwé ìròyìn bíi mélòó kan tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ bébà máa ń jẹ́ kó jáde dọ́gba.

PÁÁLÍ, AṢỌ ÀTI GỌ́Ọ̀MÙ

Bébà A4, tó jẹ́ mílímítà 210 sí 297, ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Tí wọ́n bá gé e sí méjì lágbedeméjì, tí wọ́n sì ká ìdajì kọ̀ọ̀kan, káàdì méjì tó jẹ́ 105 sí 148 ló máa jáde. Àpò-ìwé C6, tó jẹ́ 114 sí 162, ló bá irú káàdì yìí mu. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bá kọ́kọ́ gé káàdì sí ìwọ̀n tó wù ú yóò wá àpò-ìwé títí, kò ní í rí. Páálí tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní gíráàmù 250 sí 300 ló lè dúró lórí tábìlì láì tẹ̀. Kí wọ́n tó ká a, kí wọ́n fi báírò tí íǹkì rẹ̀ ti tán fa ìlà ibi tó máa ká, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má baà ya gánmugànmu. Ilé ìtẹ̀wé sì máa ń ní etí bébà tí wọ́n gé kúrò lára iṣẹ́ ńlá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n bẹ̀ lè gbà á ní ẹ̀dínwó, ó sì tó fún ìdánrawò àti fún pélébé ẹ̀bùn.

Lórí aṣọ, ọgbọ́n ìyá wa ló ṣiṣẹ́ jù. Ègé ańkárá tí àwọn aránṣọ ń gbá dànù máa ń tú létí tí wọ́n bá gé e lásán. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sí, kí ó gbẹ, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n tó fi sísọ́ọ̀sì gé òdòdó tàbí ọkàn jáde lára rẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun olómi máa ń jẹ́ kí bébà wú kó sì ká. Kí wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí wọ́n fi ìwé tó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì, tàbí kí wọ́n lo téèpù olójú méjì. Bọ́tìnnì àti ìlẹ̀kẹ̀ nílò gọ́ọ̀mù tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì máa ń mú kí káàdì nípọn débi tí kò ní wọ àpò-ìwé C6 mọ́. Ọ̀pọ̀ ni kò rántí èyí àfi ìgbà tí oníbàárà bá ń dúró.

Bí wọ́n bá fẹ́ lo ọ̀dà, òun ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Gesso, ọ̀dà funfun tí àwọn ayàwòrán ń kùn sábẹ́ iṣẹ́ wọn, ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi bo páálí kó má máa mu omi jù. Lẹ́yìn tó bá gbẹ ni ọ̀dà acrylic, lẹ́yìn tí ìyẹn náà bá gbẹ ni aṣọ tàbí àwòrán inú ìwé ìròyìn. Òǹtẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Solvent ink sì dára jù lórí ọ̀dà acrylic, nítorí ara rẹ̀ dà bí ike. Ẹni tó bá kánjú tẹ òǹtẹ̀ lé ọ̀dà tí inú rẹ̀ ṣì tutù yóò ba òǹtẹ̀ àti káàdì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó máa ń mú kí oníbàárà ṣí ẹnu ni ọ̀rọ̀ tó wú sókè. Pigment ink ni wọ́n fi ń tẹ òǹtẹ̀, wọ́n á da ìyẹ̀fun embossing powder sí i nígbà tó ṣì tutù, wọ́n á gbọn èyí tó ṣẹ́kù padà sínú ìgò, wọ́n á sì fi ooru yọ́ èyí tó lẹ̀ títí yóò fi máa dán. Kí wọ́n tó tẹ òǹtẹ̀ rárá, páùdà ọmọdé díẹ̀ tí wọ́n fi nu ojú páálí kì í jẹ́ kí ìyẹ̀fun náà lẹ̀ síbi tí kò yẹ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun kò lè ṣe é, yóò fẹ́ ìyẹ̀fun náà lọ ni kó tó yọ́. Heat gun ni wọ́n ń lò. Nígbà tí kò bá sì sí owó fún un, wọ́n lè mú ẹ̀yìn páálí sún mọ́ ojú àyọ́ọ̀nù gbígbóná tí wọ́n dà dé òkè, kí ó má kàn án, kí ó má sì pẹ́. Ìṣòro iná kì í ṣe kékeré o. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ tó nílò ooru, kí ó tètè ṣe apá ibẹ̀ nígbà tí iná bá wà, kó fi gígé àti lílẹ̀ sílẹ̀ di ìgbà òkùnkùn.

OFIN, ÀTI IYE TÓ YẸ KÍ WỌ́N TÀ Á

Owó náírà kì í ṣe bébà iṣẹ́ ọwọ́. Apá 21 nínú òfin báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá ṣe owó bí kò ṣe yẹ lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín ní ₦50,000, tàbí kó jẹ méjèèjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kan l'Ékòó rán ìlúmọ̀ọ́ká kan sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà láì fún un láǹfààní owó ìtanràn, nítorí owó tó ná lóde. Nítorí náà, bí oníbàárà bá ní kí wọ́n lẹ owó mọ́ káàdì, tàbí kí wọ́n bu òǹtẹ̀ lé e, àpò kékeré tí owó náà máa wọ̀ láì farapa ni kí wọ́n ṣe sínú káàdì náà.

Bákan náà ni òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022. Gbígbẹ́ àwòrán eré ọmọdé tàbí àmì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sára òǹtẹ̀ láti fi tajà lè dá ẹjọ́ sílẹ̀. Ti òǹtẹ̀ tí wọ́n rà yàtọ̀: ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní angel policy, tó gba èèyàn láyè láti ta ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, àmọ́ tí kò gbà á láyè láti gbé àwòrán náà sínú kọ̀ǹpútà kó wá máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí wọ́n kà á kí wọ́n tó rà. Ẹni tó bá sì wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun gbẹ́ òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ti ìjọba, ọ̀daràn ló fẹ́ bá wọn pín ẹ̀wọ̀n.

Ó wá ku ìṣirò, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù láì mọ̀. Iye tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún àpẹẹrẹ lásán, iye ọjà gidi ni kí kálukú fi rọ́pò rẹ̀. Ká ní káàdì mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ ṣe. Páálí A4 márùn-ún ló yẹ kó tó, àmọ́ ọ̀kan máa bàjẹ́, nítorí náà mẹ́fà ni wọ́n máa rà ní ₦200, ó di ₦1,200. Àpò-ìwé mẹ́wàá ní ₦100, ₦1,000. Íǹkì, gọ́ọ̀mù àti ègé aṣọ, ₦1,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦3,200, tó túmọ̀ sí ₦320 fún káàdì kan. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ta á ní ₦800, á sì máa yọ̀ pé òun jèrè ₦480.

Òǹtẹ̀ ńkọ́? Tó bá rà á ní ₦15,000, tó sì retí pé kí ó san ara rẹ̀ lórí káàdì 100, ₦150 ni ti káàdì kọ̀ọ̀kan, ₦1,500 fún mẹ́wàá. Owó tó jáde ti di ₦4,700. Nínú ₦8,000 tó gbà, ₦3,300 ló kù. Bí káàdì kọ̀ọ̀kan bá gba ìdajì wákàtí, wákàtí márùn-ún ló lò, ₦660 lórí wákàtí kan. Tó bá jẹ́ pé ₦1,000 ló fẹ́ kí wákàtí òun tó, ₦970 ni káàdì náà ná an, kó tó sọ̀rọ̀ èrè rárá. ₦170 ló ń jẹ́ gbèsè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló sì ń rò pé òun ń ṣe dáadáa.

Ohun méjì ló lè tún èyí ṣe. Àkọ́kọ́ ni kí ó fowó kún un, kó sì tà á fún àwọn tí káàdì ọ̀hún ṣe pàtàkì sí: ọmọ tó ń ṣe ọgọ́ta ọdún fún ìyá rẹ̀, ẹgbẹ́ tó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ alága wọn, ilé-ìwé àdáni tó fẹ́ fún àwọn olùkọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní nǹkan ní ìparí táàmù. Àwọn wọ̀nyí kì í fi káàdì wé èyí tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìkejì ni kó dín àkókò kù. Kí ó gé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, kí ó ká wọn pọ̀, kí ó bu òǹtẹ̀ lu gbogbo wọn kó tó ṣí gọ́ọ̀mù. Bó bá ń parí káàdì kan kó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, fífọ òǹtẹ̀ àti wíwá sísọ́ọ̀sì nìkan ti lè jẹ wákàtí kan nínú márùn-ún.

Ẹni tó bá fẹ́ kí káàdì òun wà lọ́jà nígbà Kérésìmesì, oṣù kẹsàn-án ló yẹ kó ti máa ṣe ìdánwò íǹkì rẹ̀, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Èyí tó bá gbẹ nígbà náà kò ní yọ ọ́ lẹ́nu nínú ọyẹ́ oṣù kejìlá.